Ta Ló Pè Ọ́ Dìde?

Gbogbo ìgbà tí mo bá kú nínú fíìmù, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìyá mi máa ń bi mí tí mo bá padà délé ní Odode. Kì í béèrè bóyá eré náà dùn. Kì í béèrè ohun tí wọ́n fún mi. Á wo ojú mi dáadáa, á ní, "Ta ló pè ọ́ dìde?"

Láti kékeré ni mo ti ń ṣe eré òkú. Bí a bá ń sá kòkó ní oko wa lọ́nà Ofosu, èmi á dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó, n ó di ojú, n ó mú èémí dúró, àwọn ọmọ yòókù á sì máa sunkún ẹ̀tàn lé mi lórí. Ìyá mi ò fi í rẹ́rìn-ín rí. Á fi iṣẹ́ sílẹ̀, á wá dúró lókè orí mi, á máa pe orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ sọ mí lọ́jọ́ ìkómọ, èyí tí ẹlòmíràn kì í pè mí, títí n ó fi dáhùn. Ó ní ẹni tó bá ṣe òkú, orúkọ ara rẹ̀ ni kí wọ́n fi pè é padà, kó má baà ṣìnà ilé.

Ẹ má bínú sí mi o, bí ẹni ń jà ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tíátà ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe dúdú tó yìí, ọdún gbọọrọ ni mo fi ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nínú fíìmù. Bí n ò bá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, mo di àjẹ́; bí n ò bá ṣe àjẹ́, mo di òkú. Ọkùnrin kan tó ń darí eré wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀, ó ní mo mọ eré ṣe, àmọ́ àwọ̀ mi ò bá kámẹ́rà mu. Mo ra ìpara tí ń bó ni lára bọ̀ wálé. Ìyá mi rí i lójú fèrèsé, kò bú mi. Ó jókòó tì mí, ó na apá tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ó ní kí n wò ó, ṣé apá ẹni tó yẹ kójú máa tì nìyí. Ìpara yẹn ò kan ara mi títí dòní.

Ohun tó ń jẹ ìyá mi lọ́kàn ni kí ó rí mi nínú fíìmù tó jẹ́ pé orí èmi gan-an ni eré dá lé. Bí ó bá ti ilé àdúrà dé nínú ẹ̀wù funfun, láìwọ bàtà, á ní òun tún ti fi sínú ẹ̀bẹ̀ òun. Èmi náà ń fẹ́ ẹ ju bí mo ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu lọ.

Àfi bí ó ṣe dé. Olùdarí kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ń bọ̀ wá ya fíìmù lórí Òkè Ìdànrè, nípa obìnrin kan tó kọ̀ láti bá ìlú ṣí kúrò lórí òkè. Èmi ni ó fẹ́ kó ṣe obìnrin náà. Nínú ìparí eré, inú pósí ni wọ́n máa gbé e wálẹ̀, ojú rẹ̀ á wà ní gbangba. Bí mo ṣe ń rò ó fún ìyá mi ni ó ń rẹ́rìn-ín, títí mo fi dé ibi pósí. Ó ti wò mí tí mo kú lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti wò mí tí mọ́tò gbá mi, kò sọ nǹkan kan ju ìbéèrè rẹ̀ lọ. Pósí yàtọ̀.

"Ojú mi ò gbọdọ̀ rí ọmọ mi nínú pósí, ì báà ṣe eré," ó ní. "Bí mo bá ti lọ, ìwọ lo ni ara rẹ."

Mo bẹ olùdarí kí ó fi ẹlòmíràn sínú pósí, kí wọ́n bo ojú onítọ̀hún. Ó ní rárá. Àwọn ọ̀rẹ́ mi nínú iṣẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, pé àgbàlagbà bíi tèmi ṣì ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyá. Ọ̀kan nínú wọn gbà mí nímọ̀ràn pé kí n lọ ṣe é, kí n má ṣáà jẹ́ kí màmá wò ó. Irú kí wá nìyẹn? Fíìmù tó jẹ́ pé nítorí kí ó lè wò ó ni mo ṣe ń fẹ́ ẹ! Mo kọ iṣẹ́ náà, wọ́n fún òṣèré mìíràn, mo sì sunkún bí ọmọdé. Ìyá mi ò dúpẹ́. Ó gún iyán lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì mú ẹran tirẹ̀ sínú abọ́ tèmi.

Ọyẹ́ tó tẹ̀lé e ló mú un lọ. Ikọ́ lásán la pè é. Wọ́n wọ ẹ̀wù funfun rẹ̀ fún un, wọ́n sì tẹ́ ẹ sínú pósí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dé e, mo lọ dúró lókè orí rẹ̀, mo ń pe "Màámi, Màámi," títí àwọn ará ìjọ fi dì mí mú. Kò dá mi lóhùn.

Olùdarí yẹn pè mí láti kí mi kú àṣẹ̀yìndè. Ó kí mi tán, ó wá ní òṣèré tí àwọn mú ti lọ sókè òkun kí àwọn tó bẹ̀rẹ̀, pé ní báyìí tí màmá ò sí mọ́, ṣebí kò sí ẹni tó máa dí mi lọ́wọ́. Mo pa fóònù mọ́ ọn létí. Inú bí mi gidigidi. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ wá sí Odode, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú àwòrán ìyá mi, ó tọrọ àforíjì. Mo rántí ohun tí ìyá mi sọ, pé èmi ni mo ni ara mi. Mo ní n ó ṣe é, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi àtíkè sọ mí di pupa. Bí mo bá sì kú tán, kí ẹnì kan pe orúkọ tí ìyá mi sọ mí kí n tó dìde. Ó gbà. Mo kọ́ ọmọbìnrin tó ń kun ojú wa ní orúkọ náà.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gun àtẹ̀gùn òkè, tí mo dùbúlẹ̀ sínú pósí láàárín àwọn ilé tó ti di ahoro, tí wọ́n gbé mi. Wọ́n ní ó ti parí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Òjò sì ti ń ṣú, ni gbogbo wọn bá sáré lọ kó kámẹ́rà, ọmọbìnrin yẹn náà sì gbàgbé. Ẹnì kan ní, "Màmá, ẹ dìde o, a ti ṣe tán." Mo di ojú mi pa. Ó tún un sọ, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo ń retí. Mo mọ ohùn tí mò ń retí, mo sì mọ̀ pé kò ní dé. Nígbà tí òjò kán sí mi lójú, mo la ẹnu, mo pe orúkọ náà fúnra mi, mo fà á gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe máa ń fà á. Mo dáhùn. Mo dìde.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi fíìmù náà han àwọn èèyàn ní Àkúrẹ́, gbogbo wọn dìde dúró fún mi. Mo wọkọ̀ padà sílé lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo jókòó sórí àga ìyá mi, kò sí ẹni tó bi mí ní nǹkan kan. Mo ní, "Màámi, èmi ni mo pe ara mi."