Bí Mo Ṣe Bọ́ Awò Kúrò Lójú

Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń lo awò ojú. Ohun tó bá ti jìnnà sí mi díẹ̀, bàìbàì ni mo máa ń rí i. Ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí wọ́n bí mi sí, kò sẹ́ni tó kà á sí. Àfìgbà tí mo fẹ́ lọ rí àwọn òbí àfẹ́sọ́nà mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìtìjú rẹ̀ mú mi. Awò náà nípọn débi pé ojú mi ń kéré nínú rẹ̀.

Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, mo bọ́ ọ, mo jù ú sínú báàgì.

Àfẹ́sọ́nà mi ní, "Ṣé o máa ríran báyìí?"

Mo ní, "Ṣé èmi ni mo fẹ́ wa mọ́tò ni?"

Bí a ṣe wọ pálọ̀, mo rí ọkùnrin kan tó dúró, ó sanra, ó dé fìlà. Mo kúnlẹ̀ gbì. "Ẹ káàsán o, Bàbá wa. Ṣé àlàáfíà lẹ wà, sà? Ara yín ń le dáadáa?" Mo kí i, mo tún un kí.

Ọkùnrin náà fà sẹ́yìn. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Fáànù ni mo wá tún ṣe."

Ohùn kan jáde lẹ́yìn mi: "Èmi tí mo bí ọkọ rẹ ló jókòó síbí." Mo ti kọjá lára bàbá ọkọ mi bí ẹni kọjá lára àpò sìmẹ́ǹtì!

Ìyá ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín, wọ́n di ògiri mú. Mo yọ awò jáde nínú báàgì, mo jẹ́wọ́. Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín. "Wọ̀ ọ́ jàre, kó o lè mọ ilé tó o fẹ́ bọ́ sí."

Ọjọ́ yẹn ni ìyá ọkọ mi sọ fún mi nípa lẹ́ńsì, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú dípò awò, tí ọmọ àbúrò wọn kan ń lò. Àwọn fúnra wọn ló mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú kan nílùú náà, obìnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ ìyá mi. Ó yẹ ojú mi wò, ó sì fi lẹ́ńsì náà hàn mí: ó mọ́ gaara, ó fẹ́lẹ́ bí awọ inú àlùbọ́sà.

Ó ní, "Fi ọṣẹ fọwọ́ kó o tó fọwọ́ kàn án. Omi tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, má fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́. Má sì wọ̀ ọ́ sùn láé."

Bí mo bá ti gbé e sún mọ́ ojú, ìpéǹpéjú mi á pa dé. Ó bọ́ sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó bọ́ sórí itan mi, ìyá ọkọ mi sì ń ṣe "Bísímílà, Bísímílà" lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tó wọlé, mo ṣẹ́jú. Mo rí ìyá ọkọ mi láìyí orí. Látìgbà tí mo ti ń lo awò, ohun tó bá ti kọjá etí férémù, ó ti wọ kùrukùru nìyẹn.

Ayé wá rọrùn. Mo ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀, ooru ò bo nǹkan kan lójú mi. Mo ń forí kanlẹ̀ níbi ìrun, nǹkan kan ò já lulẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, láti ibi tí mo jókòó sí láàárín àwọn obìnrin, mo rí bàbá mi lọ́hùn-ún tí wọ́n ń fi etí agbádá nu ojú. Wọ́n ní eruku ni. Eruku wo, nínú òjò?

Nígbà tí mo kọ́kọ́ padà wá kí àwọn òbí mi ní Ọ̀yọ́, ìyá mi bá mi níbi tí mo ti ń yọ lẹ́ńsì. Wọ́n figbe ta: "Yéè! Ó ń yọ ẹyinjú!" Mo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, mo fi hàn wọ́n. Wọ́n wò ó títí. "Ohun tí ò tó èékánná yìí? Èmi náà fẹ́."

Mo mú wọn lọ. Dókítà ní ti àgbà ni tiwọn, pé awò ìkàwé ló máa bá wọn lára mu jù. Wọ́n kọ́kọ́ lejú. Nígbà tí wọ́n rí férémù pupa kan lórí àtẹ, inú wọn dùn. Wọn kì í bọ́ ọ mọ́, ìbáà jẹ́ ibi tí kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ kà.