Mujeebat Tó Ń Súnmọ́ Pátákó

Nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nísàlẹ̀ òkè Mápó ni Yéwándé ti ń ṣe tísà kíláàsì kẹrin. Ó mọṣẹ́ rẹ̀ dunjú, kì í sì í gba gbẹ̀rẹ́. Nínú gbogbo ọmọ tó ń kọ́, ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń tán an ní sùúrù: Mujeebat, ọmọ Mikail tó ń rán fìlà ní Àrẹ̀mọ. Bí wọ́n bá ń da iṣẹ́ kọ, ọmọ yìí á dìde láti ẹ̀yìn, á lọ dúró ti pátákó, àwọn tó kù á sì máa pariwo pé ó dí àwọn lójú. Yéwándé á ní kó lọ jókòó. Bó bá jókòó, ìwé rẹ̀ á wà lófìfo. Ọ̀lẹ ni Yéwándé pè é. Ó nà án lẹ́ẹ̀mẹta ní táàmù kan péré. Ọmọ náà ò sọ pé nǹkan kan ń ṣe òun, torí ó rò pé bí gbogbo èèyàn ṣe ń ríran nìyẹn.

Lẹ́yìn ìsinmi Iléyá, Mujeebat kò padà wá. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, Yéwándé béèrè ọ̀nà ilé wọn, ó sì lọ. Sìdí, ìyá ọmọ náà, ló bá lójúde.

"Ó já sí gọ́tà lọ́sàn-án gangan, Tísà. Nígbà tá a gbé e dé ọsibítù, dókítà ní ó ti pẹ́ tí àìsàn ti ń jẹ iṣan ojú rẹ̀, pé ká ní a ti tètè mú un wá ni, ìba díẹ̀ ìbá ṣẹ́ kù." Sìdí fi etí ìró nu ojú. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ máa ń wà látàárọ̀, ẹ ò ṣàkíyèsí nǹkan kan ni?"

Mujeebat ti gbọ́ ohùn tísà rẹ̀ láti inú ilé. Ó dìde lórí ẹní, ó na àtẹ́lẹwọ́ síwájú bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ nà.

"Ẹ káàsán, ma."

Yéwándé sunkún láti Àrẹ̀mọ dé Ọjà'ba lọ́jọ́ náà, kò sì bìkítà fún ẹni tó ń wò ó.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bíréèlì, ìwé kíkà tí àwọn afọ́jú ń fọwọ́ kà, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ó bẹ ọ̀gá ilé ìwé títí wọ́n fi gbà kí Mujeebat padà. Kó tó dé, Yéwándé kó àwọn ọmọ kíláàsì jọ.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣẹ̀ ẹ́," ó wí fún wọn. "Ojú rẹ̀ ló fọ́, ọpọlọ rẹ̀ ò fọ́. Ẹ má ṣe máa wọ́ ọ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó di ìgúnpá yín mú. Bẹ́ ẹ bá gbé àga kúrò láyè rẹ̀, ẹ sọ fún un."

Lọ́jọ́ tó wọlé, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mutmainnah bi í pé, "Ṣé o máa ń rí wa lójú àlá?"

"Mo máa ń rí yín. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ ṣe wà ní kíláàsì kìn-ín-ní ni. Ẹ ò dàgbà níbẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, Mutmainnah ló ń yà mú un wá sílé ìwé láràárọ̀.

Ọdún méjì ni Yéwándé fi kọ́ Mujeebat ní bíréèlì. Mujeebat gba ipò karùn-ún nínú ìdánwò àṣejáde. Àmọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé sí ní àwọn ò lè gbà á, torí àwọn ò ní tísà tó mọ bíréèlì. Yéwándé lọ bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó kọ̀wé sí ilé ìwé méjì mìíràn, kò sì rí èsì gbà.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí àwọn yòókù wọlé, ó gbé ìwé bíréèlì lọ sí Àrẹ̀mọ, ó ṣí i sórí ẹsẹ̀ Mujeebat.

"Tísà, àwọ̀ wo ni yúnífọ́ọ̀mù wọn?"

"Àwọ̀ ewé ni, kọ́là rẹ̀ funfun."

Mujeebat mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ó máa yẹ Mutmainnah, torí ó pupa."

Kò fọwọ́ kan ìwé náà rárá lọ́jọ́ yẹn.