Iná Orí Àtẹ̀gùn

Ọdún méjìlélógún ni Baba Oníná fi gun àkàbà nínú ilé alájà mẹ́fà yẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí iná pàjáwìrì máa tàn bí iná ńlá bá lọ, kí ènìyàn lè rí ọ̀nà jáde. Lóṣooṣù, á gun òkè lọ tẹ bọ́tìnnì ìdí iná kọ̀ọ̀kan wò. Orúnkún rẹ̀ ló kọ́kọ́ ní ó tó gẹ́ẹ́.

Nígbà tí wọ́n wá ra iná tuntun tí kò nílò wáyà láti jíṣẹ́, tó jẹ́ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba inú afẹ́fẹ́ ròyìn ara rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn. Òun fúnra rẹ̀ ló so wọ́n. Ti àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ àti ti sítọ́ọ̀ ló tú kúrò nínú páálí pa pọ̀, ló bá so tibí sọ́hùn-ún, tọ̀hún síbí. Kò wo nọ́ńbà ara wọn, èyí tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Ta ló fẹ́ kọ́ ọ níṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ọdún gbọọrọ?

Lóṣù kẹta lẹ́yìn náà, kọ̀ǹpútà pariwo pé bátìrì iná sítọ́ọ̀ ń kú lọ.

"Ta ló ń gbé sítọ́ọ̀?" ni Baba Oníná wí, ó tẹ̀ ẹ́ dákẹ́. Ó pariwo lẹ́ẹ̀kejì, ó tún tẹ̀ ẹ́ dákẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná ńlá lọ. Àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ yẹn kò ní fèrèsé. Opó tó ń nu ilẹ̀ níbẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá Onígbálẹ̀, ré bọ́ nínú òkùnkùn tòun ti korobá, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Baba Oníná sáré débẹ̀, ó gbójú sókè, iná ti kú. Ó lọ ṣílẹ̀kùn sítọ́ọ̀: iná ibẹ̀ ń tàn yòò fún àwọn páálí. Ó mọ ohun tí ọwọ́ òun ṣe, ẹ̀rù ò sì jẹ́ kó lè sọ ọ́.

Kọ̀ǹpútà ní iná àtẹ̀gùn tàn dáadáa. Ni ọ̀gá wọn bá kọ ìwé pé ojú obìnrin náà ni kò ríran mọ́, kó fọwọ́ sí i, kó sì máa lọ sílé rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìka ẹlòmíràn ni wọ́n fẹ́ gé yìí. Baba Oníná ni wọ́n sì rán lọ sí ọsibítù.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá. Ara ńkọ́?"

"Ara ń ṣe díẹ̀díẹ̀, Baba. Ojú ni kò sí mọ́. Ẹ ṣáà so iná síbẹ̀ fún wa, mi ò kúkú rí nǹkan kan. Ẹ mú bírò wá."

Ojú ti Baba Oníná bí ẹni pé kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Ó fa ìwé náà padà, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

"Kí lẹ ń kọ?"

"Ojú yín ò ṣe nǹkan kan, Màmá. Iná ni kò tàn. Èmi ni mo so ó sódì. Mo mọ̀ láti ọjọ́ náà."

Obìnrin náà yíjú sí i.

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án," ló wí. "Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń sunkún pé mo ti ń fọ́jú lọ."

Baba Oníná fọwọ́ sí ohun tó kọ náà, ó nà án sí i. Obìnrin náà gbà á, kò dúpẹ́.