Máńgòrò Iwájú Ilé Wa

Ẹ̀kọ́ tí mo lọ kọ́ fún oyè kejì ní yunifásítì ni bí a ṣe ń ṣètò ìta ilé: ibi tí igi yóò dúró sí, ibi tí omi yóò gbà kọjá, ibi tí ènìyàn yóò jókòó sí. Inú máa ń bí mi bí mo bá wọ Kàbà, ìlú wa. Ẹni tó bá ti rí jájẹ díẹ̀ á gé igi, á da kọnkéré sí gbogbo iwájú ilé rẹ̀, á wá máa ráhùn pé ooru fẹ́ pa òun. Ìdí nìyẹn tí mo fi yan àgbàlá bàbá mi fún ìwádìí mi. Máńgòrò kan wà níbẹ̀ tí bàbá mi gbìn lọ́dún tó gbé ìyá mi níyàwó. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn méjèèjì máa ń jókòó sí lọ́sàn-án, ìyá mi á máa bó ẹ̀gúsí, wọ́n á sì máa bára wọn jiyàn títí oòrùn á fi rọlẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni láti máa fi èèkàn sàmì síbi tí òjìji igi náà bá dé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi ló ń bá mi di orí téèpù mú.

“Ẹ wá wo ọmọ mi o,” á kígbe sí àwọn tó ń kọjá. “Ó lọ sí yunifásítì, òjìji ló ń wọ̀n!”

Á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Síbẹ̀, bí mo bá pẹ́ nínú ilé, òun náà ni yóò pè mí pé òjìji mi ti ń lọ.

Kò pẹ́ tí mo padà sílé ìwé ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí lórí fóònù. Ó ní ara ìyá wa kò yá, kí n máa bọ̀. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìyá mi ti lọ. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lọ́nà jíjìn.

Àwọn mọ̀lẹ́bí pé jọ láti ṣètò ìsìnkú. Nílé tiwa, a kì í sin ìyá ọlọ́mọ sẹ́yìn ilé. Iwájú ni, níbi tí àlejò yóò ti rí i kó tó kanlẹ̀kùn. Gbòǹgbò máńgòrò sì ti gba gbogbo ibẹ̀. Àbúrò bàbá mi ní kí wọ́n gé e, kí wọ́n gbẹ́ sàréè, kí wọ́n tẹ́ kọnkéré sí ìyókù kí àlejò má baà rin inú ẹrẹ̀. Mo fárígá. Mo ní ẹ̀yìn ilé tẹ́jú, ó sì tutù. Mo ní gbogbo ìwádìí mi wà lára igi yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. “Ìyá wa la fẹ́ sin, ìwọ ń sọ̀rọ̀ ìwé.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Kì í ṣe ìwé ló ń pa mí lẹ́kún. Abẹ́ igi yẹn nìkan ni mo ti ń rí ìyá mi bí mo bá dijú, mi ò sì mọ bí màá ṣe sọ ọ́ láàárín àwọn àgbà.

Bàbá mi kò tíì sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, torí bó bá ti kọ̀, ọ̀rọ̀ parí.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ gbìn ín. Ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀.”

Ó wo igi náà títí.

“Okun, ọmọ mi,” ó ní, ó fi ìkíni ilẹ̀ wa tù mí nínú. “Jẹ́ kí wọ́n gé e. Ta ló kù tí màá bá jókòó síbẹ̀?”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé ẹ̀rọ ìgégi dé. Lọ́jọ́ ìsìnkú, oòrùn mú débi pé àwọn àlejò kò dúró jẹun tán.

Mo parí iṣẹ́ náà, mo sì gboyè. Olùkọ́ mi ní àwòrán àgbàlá náà wu òun, òun á fẹ́ wá jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Inú pálọ̀ ni mo máa ń bá bàbá mi báyìí bí mo bá délé, fèrèsé á wà ní títì. Lọ́jọ́ kan, mo ní kó jẹ́ ká jáde kí atẹ́gùn fẹ́ sí i lára.

“Oòrùn wà níta, ọmọ mi,” ó ní.

Òótọ́ ni. Mo jókòó tì í.