Onímú Ọgbà Sílíńdà

Bí ẹ bá dé ọgbà tí wọ́n ti ń gé sílíńdà gáàsì àlòkù lẹ́yìn ojú irin, tí ẹ sì fi orúkọ tí bàbá ọkùnrin náà sọ ọ́ béèrè rẹ̀, ńṣe ni wọn yóò máa wò yín láti òkè délẹ̀. Onímú ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Kì í ṣe pé imú rẹ̀ tóbi o. Imú bí imú ẹnikẹ́ni ni. Iṣẹ́ tí imú náà ń ṣe ni wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́tàlélógún gbáko ló sì fi jẹun lórí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín ń fi gáàsì dáná lójoojúmọ́, ẹ ò sì bi ara yín léèrè rí pé níbo ni sílíńdà ń lọ tó bá darúgbó. Ọ̀dọ̀ wọn ló ń lọ. Èyí tó ti dípẹtà, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, èyí tí wọ́n ti ní kò gbọdọ̀ gba gáàsì sínú mọ́. Wọ́n á gé e sí méjì. Ìdí rẹ̀ á di àdògán eléèédú, orí rẹ̀ á di aago tí wọ́n ń lù nílé-ẹ̀kọ́, èyí tó bá sì ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe á lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yọ́ irin. Iṣẹ́ tó dáa ni. Àmọ́ sílíńdà tí ẹ rò pé ó ti ṣófo, irọ́ ló ń pa fún yín. Gáàsì díẹ̀ máa ń fara pamọ́ sínú rẹ̀, pẹ̀lú epo dúdú kan tó ń sùn sí ìsàlẹ̀, tí iná tó ń ta láti ara irin bá sì kàn án, ó parí nìyẹn.

Nítorí náà, wọ́n á tú orí rẹ̀ kúrò, wọ́n á rọ omi sí i títí dé ẹnu kí omi lé gáàsì jáde, ó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó da omi náà nù. Lẹ́yìn náà ni Onímú á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á gbé imú lé ẹnu sílíńdà, á fà á símú lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, á ní kí wọ́n tún omi rọ sí i. Bí kò bá rùn, wọ́n á dá a dùbúlẹ̀ sínú oòrùn. Èyí tí wọn kò tíì fọ̀ á wà ní ìdúró, èyí tó ti mọ́ á wà ní ìdùbúlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kọ nǹkan kan síbì kan. Ìdúró àti ìdùbúlẹ̀ ni ìwé wọn.

Ọkọ àbúrò Onímú ló ń fi ẹ̀rọ gé irin nínú ọgbà náà. Onímú fúnra rẹ̀ ló mú un wọ iṣẹ́, lọ́dún tó gbé ìyàwó. Ẹ ò rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí, ọkùnrin tó máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pẹ̀lú irin. Kí ó tó gé sílíńdà kankan, á fi ìka kàn án kó kó kó bí ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà onílé, á ní, "Àgò onílé o." Onímú á tún fimú fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, á sì dáhùn pé, "Onílé ti jáde." Ìgbà yẹn ni agéerin á tó tan ẹ̀rọ rẹ̀. Wọ́n ti ń ṣe é fún ọdún mọ́kànlá. Eré ni, àmọ́ agéerin náà kò gé irin kan rí láìjẹ́ pé àna rẹ̀ dáhùn, kódà lọ́jọ́ tí òjò ń bọ̀ tí ọ̀gá ń pariwo lé e lórí.

Àfi bí ọ̀fìnkìn ṣe mú Onímú lọ́dún tó kọjá. Ọ̀fìnkìn lásán, ẹ máa wò ó. Ó sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ara rẹ̀ ń gbóná, ó ń húkọ́. Nígbà tó dìde, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu rẹ̀, ó dà bíi kó máa jẹ pákó. Ó ní yóò padà bọ̀ sípò. Oṣù kan kọjá. Ó gé àlùbọ́sà, ojú rẹ̀ dami, imú rẹ̀ ò mọ nǹkan kan. Ó ṣí ìgò kẹrosíìnì, ó fi imú sí i, ó dà bíi kó fi imú sí omi. Ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣáláńgá tí gbogbo ènìyàn ń dímú sá fún, ó mí kanlẹ̀, kò gbọ́ òórùn kankan. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà á.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó dá mi lójú pé ẹlòmíì nínú yín á ní òun ì bá ti sọ. Ó rọrùn láti sọ bẹ́ẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún, apá rẹ̀ ò lè gbé ẹ̀rọ mọ́, kò sí iṣẹ́ mìíràn tó mọ̀ lórí ilẹ̀ ayé. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Onímú tí kò nímú mọ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe? Ó wá dọ́gbọ́n sí i. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, omi ẹ̀ẹ̀kan ò tó, ẹ̀ẹ̀mejì ni kí wọ́n máa fọ̀ ọ́, ọjọ́ méjì méjì. Ó ní àwọn sílíńdà ayé òde òní ti burú ju ti àtijọ́ lọ. Wọ́n gbà á gbọ́. Á máa bẹ̀rẹ̀, á máa fimú fà á lẹ́ẹ̀mẹta bó ṣe máa ń ṣe, omi ló ń ṣiṣẹ́, imú ló ń gba ìyìn. Oṣù mọ́kànlá ló fi ń ṣe é, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ẹ̀rọ omi ọgbà ló kọ́kọ́ dà á. Ó bàjẹ́, wọ́n wá ń lọ pọn omi ní ìparí òpópónà, korobá lọ́tùn-ún, korobá lósì. Ni àwọn òṣìṣẹ́ bá ń kùn. Kí ni ti omi ẹ̀ẹ̀mejì? Àna rẹ̀ gbé korobá sílẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó nu òógùn ojú, ó béèrè pé ṣé imú àna òun ti fẹ́ fẹ̀yìn tì ni. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Onímú ló rẹ́rìn-ín jù. Ní ọjọ́ yẹn ló ní ó dáa, omi ẹ̀ẹ̀kan tó.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, láàárọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kan wọ ọgbà, ó ń fẹ̀yìn rìn, ó sì kọlu àwọn sílíńdà tó wà ní ìdúró. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú orí wọn ni, omi ni wọ́n ń dúró dè. Onímú bú awakọ̀ náà, ó gbé méjì tó ṣubú dìde. Ìró irin mẹ́ta ló gbọ́, méjì ló rí nílẹ̀. Ó wò yíká díẹ̀, ó sọ fún ara rẹ̀ pé etí òun ló ń dún. Ẹ̀kẹta ti yí gbirigbiri lọ sí ẹsẹ̀ ògiri, ó ti sùn sáàárín àwọn tó mọ́, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Lọ́sàn-án, àwọn yòókù wà lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n ń jẹun. Agéerin ní òun fẹ́ gé ọ̀kan sí i kí òun tó jẹun. Ó fà á wá, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ya ẹnu.

"Àna mi, inú eléyìí gbẹ ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹ bá mi fi imú sí i dáadáa."

Onímú bẹ̀rẹ̀. Ó fà á símú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Nǹkan kan ò sí níbẹ̀, bí nǹkan kan ò ṣe sí níbikíbi láti ọdún kan. Ìró irin mẹ́ta ti àárọ̀ sọ sí i lọ́kàn. Ó kù díẹ̀ kí ó ní kí wọ́n rọ omi sí i, ẹnu rẹ̀ tilẹ̀ ti ń là. Ó wá wo àwọn korobá tó ṣófo, ó rántí ẹ̀rín ọjọ́sí. Bí òun bá tún ní kí wọ́n pọn omi, wọ́n á mọ̀ pé imú òun ò ṣiṣẹ́ mọ́.

Àna rẹ̀ ti kan irin náà kó kó kó.

"Àgò onílé o."

Onímú dáhùn pé, "Onílé ti jáde."

Ó ti rìn dé ẹ̀yìn ògiri níbi tó ti fẹ́ tọ̀ nígbà tí sílíńdà náà dún gbàmù. Mi ò ní ròyìn ohun tó rí nígbà tó padà. Ìdajì sílíńdà náà ni wọ́n bá lórí òrùlé ilé kejì. Agéerin kú kó tó dé ilé ìwòsàn.

Àwọn aláṣẹ ìjọba méjì wá, wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́, wọ́n béèrè ẹni tó ní kí ó gé e. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí Onímú àti àna rẹ̀ jọ sọ. Ẹnu Onímú kàn là fúnra rẹ̀ ni, ó ní, "Kò dúró kí n gbóòórùn rẹ̀." Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n lọ. Láti ọjọ́ náà ni ìtàn ti yí padà. Wọ́n ní oníyẹ̀yẹ́ ni agéerin, ó máa ń kánjú, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe ara rẹ̀. Tí ọ̀gá bá fẹ́ bá òṣìṣẹ́ wí, orúkọ òkú ló máa fi ń bá a wí. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin agéerin náà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́ bóyá bàbá òun kì í gbọ́ràn ni.

Àbúrò Onímú nìkan ló ń jiyàn. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí i pé ọkọ òun kì í gé ohun tí ẹ̀gbọ́n òun ò tíì dáhùn lé lórí. Wọ́n á ní kó máa mú un mọ́ra, ìbànújẹ́ ló ń dà á láàmú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń lagi, ó ń pọnmi, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, obìnrin náà gbé ẹ̀wà kaná, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun bá òun mójú tó o, òun fẹ́ dé ilé kẹta. Onímú jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí iná, ó ronú lọ. Obìnrin náà ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà nígbà tí òórùn ẹ̀wà tó ń jó pàdé rẹ̀. Ó sáré. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tó fi í sí, ìkòkò ò jìnnà sí i tó ìgbésẹ̀ mẹ́ta, ó ń wo òde, ó kí i káàbọ̀.

Obìnrin náà sọ ìkòkò kalẹ̀. Ó wo imú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wọ yàrá lọ, ó mú ẹ̀wù iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ kan jáde, èyí tó bọ́ sílé ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ikú rẹ̀. Ó ká a dáadáa, ó gbé e sún mọ́ ojú Onímú.

"Bọ̀dá mi, ẹ gbóòórùn rẹ̀ fún mi. Kí ló ń rùn?"

Onímú wo ẹ̀wù tí wọ́n ká gún régé. Ó fà á símú lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ọṣẹ ni," ó ní.

"Mi ò tíì fọ̀ ọ́. Òógùn rẹ̀ ló wà lára rẹ̀, àti gáàsì. Òun ni mo fi ń sùn."

Àbúrò Onímú ò pariwo. Ì bá sàn ká ní ó pariwo. Ó béèrè bóyá ọkọ òun kágò. Onímú ní ó kágò. Obìnrin náà béèrè ohun tí ẹ̀gbọ́n òun fi dá a lóhùn. Onímú sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ò ju ti ọmọ kékeré lọ.

Obìnrin náà yíjú sí yàrá, ó pe ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà jáde wá pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́wọ́, ó dúró láàárín àwọn méjèèjì.

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń bi mí, mi ò sì rí nǹkan fi dá a lóhùn. Ẹ sọ fún un, Bọ̀dá mi. Lọ́la ẹ ó sọ fún àwọn aláṣẹ àti gbogbo ọgbà. Òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún."

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ó béèrè ohun tó ti ń béèrè láti ọjọ́ yìí, pé ṣé bàbá òun ò gbọ́ràn ni.

Onímú rọra sọ̀ kalẹ̀ láti orí àga, ó fi orúnkún tó ń dùn ún kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ó gbọ́ràn, ọmọ mi," ó ní. "Èmi ló gbọ́ràn sí lẹ́nu."