Bí Màámi Ṣe Parí Ìjà Amẹ́ríkà àti Faransé

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí èmi àti màámi ń gbé yàrá kan ṣoṣo ní Wakefield, ilé ìjà ni mo ti máa ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá mi. Kì í ṣe ilé tiwa o. Ilé àwọn arúgbó òyìnbó méjì tí màámi ń tọ́jú ni; ibẹ̀ ló ń mú mi lọ, nítorí kò sí ẹni tó lè fi mí sílẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀ tí mo bá dé láti ilé ìwé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ìyá yín ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Bronx, ẹ mọ bó ṣe rí. Wọ́n á ní kí ẹ jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ojú ni màámi fi ń bá mi wí níbẹ̀; tí ojú ò bá tó, ìkúnlẹ̀ àti ọwọ́ sókè ń dúró dè mí nílé.

Bàbá Walter ni ọkọ, ọmọ Amẹ́ríkà, sójà àtijọ́. Màmá Odette ni ìyàwó, ọmọ Faransé tó gbé wá síbí lẹ́yìn ogun Hítílà. Màámi ló ń pè wọ́n ní Bàbá àti Màmá, torí ẹnu rẹ̀ ò lè pe àgbàlagbà lórúkọ gbàlàjà. Láràárọ̀ ló ń fi orúnkún kan kanlẹ̀ kí wọn. Wọ́n rò pé nǹkan ló máa ń bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Oúnjẹ ilé náà kò burú. Màmá Odette máa ń fi ṣokoléètì sáàárín búrẹ́dì gbígbóná fún mi. Bàbá Walter á ní oúnjẹ kọ́ nìyẹn, á ní kí màámi fi sọ́séèjì sínú búrẹ́dì míì. Mo ń jẹ méjèèjì. Ṣíìsì Màmá nìkan ni mi ò sún mọ́, èyí tó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀.

Ìjà wọn ò ní ìparí. Bàbá á ní ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà, èdè Jámánì ni Odette ì bá máa sọ. Màmá á ní ta ló ràn yín lọ́wọ́ tí ẹ fi bọ́ lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì? Ère obìnrin tó gbé iná dání lójú omi níbẹ̀ yẹn, tí ẹ fi ń yangàn, ta ló fún yín? Bàbá á ní nígbà tí ogun parí, tí Yúróòpù ò rí jẹ, ta ló kó ìyẹ̀fun lọ? Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé orí rẹ̀ ló fi ru ìyẹ̀fun náà sọdá òkun. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilé ìdáná àwọn sójà ló ti ja gbogbo ogun tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tó ń gba ọpẹ́ ìjà ọba Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ oníbúrẹ́dì ni ní ìlú kékeré kan, ìjà yẹn sì ti parí kí wọ́n tó bí ìyá ìyá rẹ̀ àgbà. Bàbá màámi náà lọ sí Bọ́mà nínú ogun Hítílà yìí kan náà. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè rí.

Tó bá jẹ́ èmi àti ọ̀rẹ́ mi la jà bẹ́ẹ̀, à bá ti wà lórí ìkúnlẹ̀ tipẹ́.

Ìgbà tí Amẹ́ríkà fẹ́ lọ bá Iraq jà, tí Faransé ní àwọn ò bá wọn lọ, ni nǹkan wá dàrú. Ẹ rántí ìgbà náà. Àwọn àgbàlagbà ń da wáìnì Faransé sí gọ́tà. Wọ́n yọ orúkọ Faransé kúrò lára ọ̀dùnkún díndín, bí ẹni pé ọ̀dùnkún ló kọ̀ tí kò lọ sójú ogun. Bàbá Walter ò fẹ́ gbẹ́yìn. Ó gbé wáìnì tí Màmá tọ́jú de ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó dà á sí sínkì lójú rẹ̀. Màmá ò sunkún. Ó fa àpótí aṣọ jáde, ó ní òun ń padà sọ́dọ̀ àbúrò òun ní Faransé.

Àyà màámi já. Tí Màmá bá lọ, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni àwọn ọmọ wọn máa gbé Bàbá lọ, iṣẹ́ sì ti parí nìyẹn. Iṣẹ́ yẹn la fi ń san owó ilé, òun la fi ń jẹun. Bí a ṣe ń lọ sílé, ó di ọwọ́ mi mú pinpin, ó ní, "Bùkọ́lá, máa gbàdúrà o. Tí job yìí bá bọ́, landlord yìí ò ní fún wa ní chance kankan."

Lọ́jọ́ kejì, ó ṣe ohun tí ìyá tiyín náà ì bá ṣe. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Màmá Odette, orúnkún méjèèjì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ dárí jì wọ́n. Bàbá ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó tún lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá pé, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ fojú fo ọ̀rọ̀ Màmá." Ṣebí bí a ṣe ń bẹ̀bẹ̀ náà nìyẹn. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kì í dúró kí ẹlẹ́ṣẹ̀ rán òun. Ta ló wá sọ ìyẹn fún òyìnbó? Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbà pé ẹnì kejì ló rán màámi wá, pé ẹnì kejì ti gbà pé òun jẹ̀bi. Àpótí padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàbá ń súfèé, Màmá ń kọrin nídìí ìkòkò. Inú màámi dùn débi pé ó din dòdò lọ́jọ́ Tuesday.

Bàbá Walter ni kò lè pa ayọ̀ ìṣẹ́gun mọ́ra. Nídìí oúnjẹ ọ̀sán, ó ní òun dárí ji Màmá nítorí ó rán èèyàn wá kúnlẹ̀ fún òun. Màmá gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Èmi? Ṣebí ìwọ lo rán an!"

Wọ́n wo ara wọn. Àwọn méjèèjì wá yíjú sí màámi, mo sì rí ohun tí mi ò rí rí nínú ilé yẹn: ẹnu wọn kò. Wọ́n ní òpùrọ́ ni, pé ó ń dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Bàbá ló pe àwọn tó gbé màámi sí iṣẹ́ náà pé àwọn ò fẹ́ ẹ mọ́, Màmá ló bá a wá nọ́ńbà wọn. Bí a ṣe ń wọ kóòtù wa, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Yorùbá ní ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni. Màámi tí kò jà ni wọ́n sọ lórúkọ.

A kó lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Tremont, mo ń sùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀. Inú bí mi. Inú ṣì ń bí mi.

Láyé ìgbà yẹn, wáìnì àti ọ̀dùnkún ni Amẹ́ríkà àti Yúróòpù fi ń bú ara wọn. Lónìí, owó orí ọjà tó bá sọdá òkun ni, àti ta ló ń náwó sójà ta, àti erékùṣù oníyìnyín tó wà lọ́wọ́ Yúróòpù, tí Amẹ́ríkà ń ṣojú kòkòrò sí. Ọ̀rọ̀ wọn ò yí padà: ọpẹ́lọpẹ́ wa, ta ló bẹ̀ yín? Níbi tí mo ti ń dirun, àwọn èèyàn wa ti pín sí méjì. Ẹni tí àbúrò rẹ̀ wà ní London ń gbèjà Yúróòpù, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba green card ń gbèjà Amẹ́ríkà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi kóòmù la ara wọn lórí. Ẹ wo àwọn agbejọ́rò ọ̀fẹ́.

Màámi ti fẹ̀yìn tì, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn olórí wọn ń bú ara wọn lórí tẹlifíṣọ̀n, màámi ń mi orí, àánú wọn ń ṣe é. Ó ní, "Ṣé kò sí àgbà kankan tó lè bá wọn parí ìjà yìí ni?"

Mo ní, "Màámi, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá parí ẹ̀ gan-an ló yẹ kí ẹ̀rù bà wá."