Táńkà Omi Tí Wọ́n Ní Ó Ti Kú

Ẹ jẹ́ kí n tètè tẹ èyí fún yín!

Láàárọ̀ yìí, wọ́n fẹ́ lu táńkà omi ìjọba ní gbànjo ní ọ́fíìsì ìjọba kan nítòsí Òmù-Àrán. Òun nìkan ló ń gbé omi lọ sáwọn abúlé ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọ̀gá tó ń bójú tó ohun ìní ìjọba yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ ò dún. Ó ní, "Ẹ ti rí i, ó ti kú. Ta ló máa ra irin?"

Mo pariwo látẹ̀yìn: "Ẹ wo wáyà ìdí sítátà!"

Mẹkáníìkì kan wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Wọ́n ti yọ wáyà náà lóòótọ́! Ó dá a padà, ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì bú ramúramù! Àwọn obìnrin abúlé tó wá wòran hó yèè. Kíá ni wọ́n yọ táńkà kúrò nínú ohun títà.

Ọ̀gá náà fajú ro. "Bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ọmọ mi, èmi ni mo wà lórí àga rẹ nígbà kan tí ìjọba ò fún wa lówó epo ọkọ̀ mọ́. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn, kí àwọn ọ̀rẹ́ mi lè ra ọkọ̀ ìjọba lówó pọ́ọ́kú."

Ìyá àgbà kan láti Àrán-Ọ̀rin wò mí lójú. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn wa, tí ẹ ní ó kú nígbà yẹn, òun ńkọ́?"

Mo tẹrí ba.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí ni ẹ̀yin ì bá sọ fún un?